Ilé Dé, Ọjà Kò Dé: Bí Sùúrùlérè Ṣe Di Àdúgbò

Ní ọdún 1955 ni ìjọba bẹ̀rẹ̀ sí í wó ilé ní àárín gbùngbùn Erékùṣù Èkó. Ilẹ̀ tí wọ́n fàlà sí tó 70 éékà, láti Broad Street títí kan agbègbè Balógun àti títì tí wọ́n ń pè ní Victoria Street nígbà náà, èyí tó ti di Nnamdi Azikiwe báyìí. Lagos Executive Development Board ló ni iṣẹ́ náà, LEDB lẹ́nu aráàlú. Ibùdó tuntun tí wọ́n ní kí àwọn tí ilé wọn wó máa lọ wà ní òdìkejì ọ̀sà, ní ìkọjá Ẹbúté Mẹ́ta, lórí ilẹ̀ tó jẹ́ ti àwọn Àwórì. Lórí ìwé, New Lagos ni wọ́n pè é. Sùúrùlérè ni gbogbo wa mọ̀ ọ́n sí.

Bí wọ́n bá ń ròyìn Sùúrùlérè, ti pápá ìṣeré la máa ń gbọ́, ti Ojúẹlẹ́gba, ti àwọn òṣèré àti olórin. Ti ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ni mo fẹ́ sọ, torí ibẹ̀ ni mo rò pé ìwà àdúgbò náà ti ṣẹ̀ wá. Ìjọba kọ́ ilé fún èèyàn, kò ro ibi tí onítọ̀hún yóò ti jẹun. Àwọn èèyàn wá fọwọ́ ara wọn tún ètò náà tò, wọ́n sì ń rú òfin bí wọ́n ṣe ń tún un tò.

Ká má parọ́ mọ́ ìjọba, ibi tí wọ́n wó náà kò dára tó bí àwọn àgbà kan ṣe máa ń sọ ọ́. Ní 1924, àjàkálẹ̀ àrùn tí eku ń gbé kiri bẹ́ sílẹ̀ l'Ékòó, ó sì jà fún ọdún mélòó kan. Òun ló fà á tí wọ́n fi dá LEDB sílẹ̀ ní 1928, àjọ àkọ́kọ́ irú rẹ̀ ní Nàìjíríà tó ń rí sí bí a ṣe ń to ìlú. Nínú àwọn ilé náà, kí ìdílé odindi sùn nínú yàrá kan kì í ṣe ohun àjèjì. Agbépòó ló ń kó ìgbẹ́ lóru. Bí iná bá ràn mọ́ ilé kan, mọ́tò panápaná kò ríbi gbà wọlé. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ eku ti tán kí katakata tó dé. Ohun tó ń lé ìjọba léré ni pé òmìnira ti kù sí dẹ̀dẹ̀, Èkó sì ni olú ìlú. Àwọn tó fẹ́ di olórí orílẹ̀-èdè kò fẹ́ kí àlejò òkè òkun yà lẹ́yìn ilé ìtajà ńláńlá kó wá bá ara rẹ̀ láàárín àgbàlá onípáànù. Àlejò ń bọ̀, ẹ gbálẹ̀.

Púpọ̀ nínú ilẹ̀ tí wọ́n gbà jẹ́ ilẹ̀ ìdílé. Bàbá ńlá kọ́ ilé, ó kú; ọmọ, ọmọọmọ àti àwọn ìyàwó ilé ń gbébẹ̀. Kò sẹ́ni tó lè dá a tà, kò sì sẹ́ni tó lè lé ẹnìkejì jáde. Opó tí kò ní kọ́bọ̀ lọ́wọ́ ní yàrá níbẹ̀, kò sì sanwó fún ẹnikẹ́ni. Nígbà tí owó gbà-má-bínú dé, ẹni mélòó ló máa pín in? Gbogbo ìdílé ni. Wọ́n pín in, ó tán. Ètò náà sì wí pé ẹni tó bá fẹ́ ra ilẹ̀ rẹ̀ padà lẹ́yìn tí wọ́n bá la títì tán yóò san iye tí wọ́n san fún un, yóò sì fi ìdá kan nínú márùn-ún lé e. Olórí ẹbí wo ni yóò lọ gba owó padà lọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n, àbúrò àti ọmọ ẹ̀gbọ́n tó ti ná tiwọn? Ará Èkó figbe ta. Wọ́n wó ilé bẹ́ẹ̀.

Ilé tuntun náà, ká sọ òótọ́, ilé ni. Ilé ilẹ̀ tó tò lọ ní ìlà gígùn, àwọn mìíràn oníyàrá kan, àwọn mìíràn tó yàrá mẹ́rin, olúkúlùkù ní ilé ìdáná tirẹ̀, ibi ìwẹ̀ tirẹ̀ àti ilé ìyàgbẹ́ tirẹ̀. Títì wọn gún régé. Ẹni tó ti ń tò sí ẹnu ilé ìwẹ̀ kan náà pẹ̀lú gbogbo ará àgbàlá láti kékeré mọ ohun tí ìyẹn jẹ́. Àwọn akọ̀wé ọ́fíìsì tó ń gbowó oṣù fẹ́ràn ibẹ̀: ariwo dín kù, àwọn ẹbí tó ń wá tọrọ owó náà dín kù. Ẹ má rẹ́rìn-ín, àǹfààní gidi lèyí fún ẹni tó fẹ́ rán ọmọ mẹ́ta lọ sílé ìwé.

Ìyàtọ̀ wà fún ẹni tí kì í gbowó oṣù. Ẹ wo obìnrin tó ń ta ṣúgà, mílíìkì àti ọṣẹ lẹ́nu ọ̀nà ilé ọkọ rẹ̀ l'Ékòó. Kò yá ìsọ̀. Pákó kan lórí àpótí méjì ni pẹpẹ rẹ̀. Láàárọ̀, á fẹsẹ̀ rìn dé Balógun, á gbọjà lọ́wọ́ ẹni tó mọ ìyá rẹ̀, owó di ìrọ̀lẹ́. Ẹni tó ń lọ síbi iṣẹ́ á rà, ẹni tó ń bọ̀ á rà. Ọmọ ń sùn lórí ẹní lẹ́yìn rẹ̀, bó bá sì jí, ìyá ọkọ á gbé e. Gbogbo èyí láìwọ mọ́tò. Wọ́n wá kó obìnrin yìí lọ sí Sùúrùlérè. Títì iwájú ilé rẹ̀ mọ́ tónítóní, kò sì sẹ́ni tó ń gbà á kọjá. Àwọn aládùúgbò tó yí i ká, ṣúgà, mílíìkì àti ọṣẹ làwọn náà ń tà. Kó tó débi tí yóò ti ra ọjà, ó ti san owó bọ́ọ̀sì àlọ àti àbọ̀, èrè ti bá ọkọ̀ lọ. Ẹni tó ń gbé ọjà fún un ní àwìn ti ń ṣiyè méjì, torí kò rí i lójoojúmọ́ mọ́. Ìyá ọkọ náà kò sí nítòsí. Ó ti bá ọmọ rẹ̀ kejì lọ sí Múṣìn.

Ní ìparí àwọn ọdún 1950, onímọ̀ ìbágbépọ̀ ẹ̀dá kan láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Peter Marris, lọ láti ojúlé dé ojúlé, nínú àgbàlá tí wọn ò tíì wó ní Erékùṣù àti ní Sùúrùlérè, ó ń béèrè bí nǹkan ṣe rí. Irú ohun tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ yìí náà ni wọ́n sọ fún un. Oníṣòwò àti oníṣẹ́ ọwọ́ pàdánù oníbàárà. Owó ilé oṣooṣù já lé ẹni tí kò san irú rẹ̀ rí láyé rẹ̀ lórí. Ọmọ tó máa ń yà kí ìyá rẹ̀ lójoojúmọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í ka owó ọkọ̀ kó tó lọ. Ọkọ tí agbára rẹ̀ kò ká ilé mọ́ rán ìyàwó padà sọ́dọ̀ àwọn òbí, tàbí kó fi ọmọ sọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí wọ́n wólé wọn kò tilẹ̀ dé Sùúrùlérè rárá. Wọ́n wá yàrá síbi tí wọ́n bá ti rí, kí wọ́n ṣáà sún mọ́ ọjà.

Fún ìgbà díẹ̀ sì ni gbogbo rẹ̀ yẹ kó jẹ́. Ohun tí wọ́n sọ fún àwọn èèyàn ni pé kí wọ́n lọ máa gbé New Lagos ná, bí wọ́n bá tún Erékùṣù ṣe tán, kí wọ́n padà. Nígbà tí òmìnira dé ní 1960, díẹ̀ nínú ilẹ̀ náà ni wọ́n tíì tún ṣe. Ibi tó sì ṣeé kọ́lé sí, ẹni tó lówó báńkì lọ́wọ́ ló kọ́ ọ, ilé ìtajà àti ọ́fíìsì ni wọ́n kọ́ síbẹ̀. Ọmọ tí wọ́n bí sí ilé ìgbà díẹ̀ yẹn ti ní ọmọọmọ báyìí, inú ilé kan náà ni wọ́n sì wà.

Báwo ni wọ́n ṣe wá jẹun? Wọ́n lu fèrèsé. Lójú tèmi, ibi tí Sùúrùlérè ti bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Ètò LEDB ya ibi gbígbé sọ́tọ̀ kúrò lára ibi ọjà, bíi pé èèyàn kan wà l'Ékòó tí kò ta nǹkan kan rí. Àwọn ará ilé sọ fèrèsé iwájú di ojú ìsọ̀, wọ́n fi páànù na ọ̀dẹ̀dẹ̀ síwájú, télọ̀ gbé ẹ̀rọ ìránṣọ síbẹ̀, onídìrí gbé àga síbẹ̀. Bí ẹ bá rin àwọn òpópónà ìlà ilé náà lónìí, ẹ máa ní láti wò dáadáa kẹ́ ẹ tó rí ilé LEDB gan-an. Òrùlé rẹ̀ tó rẹlẹ̀ ló máa ń fi í hàn. Níwájú rẹ̀, ṣọ́ọ̀bù méjì: ọ̀kan ń ta káàdì àti ike fóònù, èkejì jẹ́ ti obìnrin tó ń lọ ata. Lórí gọ́tà, pákó tí wọ́n fi bò ó, orí pákó náà ni onípíósì jókòó sí lábẹ́ agbòòrùn. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé, níbi tí wọ́n ní kí atẹ́gùn máa gbà, yàrá méjì tí wọ́n kọ́ kún un, ayálégbé ló wà níbẹ̀. Ẹni tó ya àwòrán ilé yẹn ní 1955 yóò ní wọ́n ba iṣẹ́ òun jẹ́. Èmi rò pé wọ́n parí ohun tó fi sílẹ̀ láìparí ni.

Bí ọjà ṣe ń gbèrú ni àjèjì ń dé. Akọ̀wé ìjọba, tíṣà, nọ́ọ̀sì, òṣìṣẹ́ rélùwéè: ẹni tó ń ṣiṣẹ́ ní Erékùṣù tàbí ní Àpápá tí kò sì lè san owó Ìkòyí, Sùúrùlérè ló ń wá. Ìgbò dé, Ẹ̀dó dé, Ùrhòbò, Ìjọ̀, Èfíìkì, Hausa. Àwọn ará Àjàṣẹ́ àti Tógò dé pẹ̀lú iṣẹ́ bíríkìlà àti télọ̀. Nígbà tí ogun abẹ́lé parí ní 1970, ọ̀pọ̀ Ìgbò tó ní ilé l'Ékòó padà wá bá ilé wọn, ohun tí àwọn tó ní tiwọn ní Port Harcourt kò rí. Ẹ kò ní gbọ́ èyí níbi tí wọ́n ti ń bára wọn jà nítorí ẹ̀yà lórí íntánẹ́ẹ̀tì.

Bí ẹ bá fẹ́ mọ bí àwọn èèyàn ṣe pọ̀ lónírúurú tó, ẹ má wo ìwé ìkànìyàn, ẹ wo oúnjẹ. Ní òpópónà kan ṣoṣo, ẹ lè jẹ àmàlà àti gbẹ̀gìrì lọ́sàn-án, kẹ́ ẹ sì bá ẹni tó ń ta ọbẹ̀ onúgbù lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ gan-an, obìnrin Calabar ló máa ṣí ṣọ́ọ̀bù kẹta, bó bá sì di alẹ́, mállàm gbé sítóòfù síta, ó ń po tíì tó hó dé ètè ife pẹ̀lú búrẹ́dì àti ẹyin. Ìpàdé onílé àti ayálégbé, Yorùbá ni wọ́n fi ń bẹ̀rẹ̀; bí ọ̀rọ̀ bá kan owó taransífọ́má, Píjìn ni, kí gbogbo ènìyàn lè gbọ́ iye tó kàn án.

Orúkọ àwọn títì náà ní ọ̀rọ̀ tirẹ̀; orúkọ olóṣèlú ni wọ́n fi sọ àwọn kan nínú wọn. Bọ́dé Thomas, ọmọ ẹgbẹ́ òṣèlú Action Group, Balógun Ọ̀yọ́, kú ní 1953. Adéníran Ògúnsànyà àti Adégòkè Adélabú, ọmọ ẹgbẹ́ alátakò rẹ̀, NCNC, ni wọ́n. Àwọn tí ẹgbẹ́ wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ máa fi àga lu ara wọn nígbà ayé wọn ti di oríta báyìí, níbi tí ọlọ́pàá ọ̀nà ti ń dá mọ́tò èèyàn dúró.

Àwọn ohun amáyédẹrùn ńláńlá kò dé títí di ìgbà tí àdúgbò ti dúró fúnra rẹ̀. LUTH, ilé ìwòsàn ńlá ti Yunifásítì Èkó, bẹ̀rẹ̀ ní Ìdí-Àràbà ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1960. Ní 1972 wọ́n parí Pápá Ìṣeré Orílẹ̀-Èdè fún ìdíje gbogbo ilẹ̀ Áfíríkà tó wáyé ní oṣù kìíní ọdún 1973. Ibẹ̀ ni Nàìjíríà ti na Algeria ní 3-0 ní 22 oṣù kẹta 1980, tí Ṣẹ́gun Odegbámi gbá méjì wọlé, tí Múdà Lawal gbá ẹ̀kẹta, tí a fi gba ife ẹ̀yẹ Áfíríkà fún ìgbà àkọ́kọ́. Ibẹ̀ náà ni agbábọ́ọ̀lù Samuel Okwaraji ṣubú sí tó kú ní 12 oṣù kẹjọ 1989. Ní 1976, Ilé Ìṣeré Orílẹ̀-Èdè (National Theatre) dìde ní Ìgànmú, nítòsí, ní ìmúrasílẹ̀ fún FESTAC, àjọ̀dún àṣà àwọn aláwọ̀ dúdú. Ní 1972 kan náà ni wọ́n pa LEDB pọ̀ mọ́ àwọn àjọ mìíràn, ó di LSDPC, àjọ ilé kíkọ́ ti Ìpínlẹ̀ Èkó, àwọn tó mọ ìdí tí wọ́n fi kọ́ New Lagos sì fọ́n ká.

Ohun tí ìjọba kọ́ àti ohun tí àdúgbò fi ṣe kì í sábà bára mu. Nítorí pápá ìṣeré, ilé ìtura àti ilé ọtí yí agbègbè náà ká. Victor Olaiya, olórin háílàìfù, ní Stadium Hotel tirẹ̀, àwọn arúgbó ṣì ń sọ bí fèrè rẹ̀ ṣe máa ń dún lóru. Nígbà tí fíìmù fídíò gbòde, Sùúrùlérè di ibùdó àwọn òṣèré. Winis Hotel ni ẹni tó bá ń wá iṣẹ́ máa ń lọ jókòó sí láti àárọ̀, bóyá dáírẹ́kítọ̀ kan á rí i. Pápá ńlá náà wá bàjẹ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún, koríko hù níbi tí wọ́n ti ń sáré, ṣùgbọ́n àwọn tó ń ta oúnjẹ àti ọtí nínú ọgbà rẹ̀ kò kógbá wọlé. Pápá ìṣeré Teslim Balogun tó wà ní òdìkejì títì ní tirẹ̀, wọ́n bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ nígbà ìjọba ológun, 2007 ni wọ́n tó ṣí i.

Ojúẹlẹ́gba ni mo gbà pé ó ṣe pàtàkì jù fún ẹni tó ń gbébẹ̀. Ojúbọ Ẹlẹ́gbára ṣì wà níbẹ̀ láàárín èéfín dánfó. Láti ibẹ̀, èèyàn lè wọkọ̀ lọ sí Yábàá, Múṣìn, Láwánsọ́n, Ìtìrẹ́, tàbí Erékùṣù. Láti oṣù kẹta 2008, bọ́ọ̀sì BRT láti Máìlì 12 sí CMS gba Western Avenue kọjá, títì tí wọ́n ti sọ ní orúkọ Fúnṣọ́ Williams. Owó bọ́ọ̀sì tó jẹ èrè ìyàwó oníṣúgà ní ọdún yẹn ló wá di ohun tí onílé fi ń polówó ilé: "ó sún mọ́ ọ̀nà." Àmọ́ ọkọ̀ ẹrù Àpápá náà ń gba ibẹ̀. Ní oṣù kẹsàn-án 2015, kọ̀ǹténà já bọ́ láti orí afárá Ojúẹlẹ́gba sórí mọ́tò, ó pa èèyàn mẹ́ta. Ní oṣù kìíní 2023 òmíràn tún já bọ́ sórí bọ́ọ̀sì èrò, èèyàn mẹ́sàn-án kú. Láti 1 oṣù kẹfà 2022, wọ́n fòfin de ọ̀kadà ní ìjọba ìbílẹ̀ mẹ́fà, Sùúrùlérè wà nínú wọn. Ẹni tó ń gbé inú lọ́hùn-ún ń fẹsẹ̀ rìn jáde tàbí kó dúró de kẹ̀kẹ́.

Omi wá jẹ́ ọ̀ràn mìíràn. Páìpù wà nínú ilẹ̀, omi kò sí nínú páìpù. Ẹni tó lówó gbẹ́ bohóòlù, ẹni tí kò ní ń pe mẹ́ruwà pẹ̀lú ọmọlanke àti kẹ́ẹ̀gì. Bí òjò bá sì rọ̀, apá Àgùdà àti Adélabú mọ ohun tí wọ́n ń rí. Àwọn yàrá àfikún tí mo yìn lẹ́ẹ̀kan wà lára ohun tó dí ọ̀nà omi. N kò ní fi ìyẹn pamọ́. Ṣùgbọ́n gọ́tà tí wọ́n ṣe fún ìdílé kan nínú ilé kan kò lè gba ti mẹ́rin. Èèyàn mélòó tilẹ̀ ló wà níbẹ̀? Ní 2006, ìjọba àpapọ̀ ka 503,975 ní ìjọba ìbílẹ̀ Sùúrùlérè. Ìjọba Èkó ka tirẹ̀ lọ́dún kan náà, ó ní 1,274,362. Lórí èwo ni ẹ óò gbé ètò omi kà?

Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ báyìí jọ ti 1955 díẹ̀, àmọ́ kò sí katakata ìjọba nínú rẹ̀. Owó ló ń wólé. Àwọn ọmọ ogún tó wà ní òkè òkun tàbí ní Lẹ́kì fọwọ́ síwèé, ilé ilẹ̀ wó, pẹ̀tẹ́ẹ̀sì mẹ́rin dìde, gbogbo ìsàlẹ̀ rẹ̀ di ibi ìgbọ́kọ̀sí pẹ̀lú géètì. Kò sí fèrèsé tí ẹnikẹ́ni lè lù. Onílọta, onípíósì àti télọ̀ á gbé irinṣẹ́ wọn lọ sí òpópónà kejì, títí wọn yóò fi wó ibẹ̀ náà. Ayálégbé tó jáde níbẹ̀ ń wá ilé lọ sí Ìkòròdú tàbí kó sọdá sí apá Ògùn, ibi iṣẹ́ rẹ̀ ṣì wà ní Erékùṣù.

Òfin ilé yíyá Èkó ti 2011 wà o. Ó yọ Àpápá, GRA Ìkẹjà, Ìkòyí àti Victoria Island sílẹ̀, kò yọ Sùúrùlérè. Ó ní onílé kò gbọdọ̀ gbà ju owó ọdún kan lọ lọ́wọ́ ayálégbé tuntun. Ìtanràn N100,000 tàbí ẹ̀wọ̀n oṣù mẹ́ta ni fún ẹni tó bá rú u. Ẹ lọ bá èjẹ́ńtì èyíkéyìí ní Adéníran Ògúnsànyà, ẹ ní ọdún kan lẹ fẹ́ san. Á ní kẹ́ ẹ fi nọ́ńbà yín sílẹ̀, òun á pè yín.